Ọmọ tó ń bá gbogbo kíláàsì mú aago: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan láti pápá ilé-ìwé ìjọba

Lẹ́tà kan ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ìdajì ìwé tí wọ́n ya láti inú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọdé ni wọ́n kọ ọ́ sí. Kò ní déètì, kò sí òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn kankan lára rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí sáré o. Ara rẹ̀ ò gbà á. Èmi ìyá rẹ̀." Ọ̀sẹ̀ kìíní tí ọmọ náà wọ JSS1 ló mú un wá bá mi ní pápá. Mo kà á, mo ká a, mo fi há inú rẹ́jísítà, mo sì nawọ́ sí ìdí igi máńgòrò pé kó lọ jókòó síbẹ̀. Ọdún kan àti táàmù kan ló fi jókòó síbẹ̀.

Èmi ni olùkọ́ PHE, ìyẹn ẹ̀kọ́ eré ìdárayá àti ìlera, èmi náà ni gẹ́ẹ̀mù mástà, ní apá JSS ilé-ìwé girama ìjọba kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Mi ò ní dárúkọ ìlú, mo sì ti yí nǹkan kéékèèké díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà nàka sí ọmọ ọlọ́mọ. Èmi ni mo ni èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìṣe inú ìtàn yìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ fún àwa tá a jọ ń fọn fèrè.

Bí nǹkan ṣe wà

Láti ọdún 2014 tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ́ríkúlọ́ọ̀mù ọlọ́dún mẹ́sàn-án tí NERDC, àjọ ìjọba tó ń ṣètò kọ́ríkúlọ́ọ̀mù, tún ṣe, títí di 2025 tí wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, PHE kò dá dúró lọ́dọ̀ wa. Wọ́n kó o pọ̀ mọ́ Basic Science, Basic Technology àti ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n pe gbogbo rẹ̀ ní BST. Lórí ìwé, dandan ni fún gbogbo ọmọ títí dé JSS3. Lórí ilẹ̀ nígbà náà, olùkọ́ mẹ́rin la jọ ń pín máàkì ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ àwo tí èèyàn mẹ́rin bá jọ ń jẹ, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kúrú ni kì í yó. Ìṣẹ́jú 40 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni tiwa. Tí ìdánwò bá ti ń sún mọ́lé, olùkọ́ Ìṣirò á ti gba ọ̀kan. Èkejì bọ́ sí ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn bá dúró sí àtàrí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ìpíndọ́gba ìṣẹ́jú 60 ṣe eré ìdárayá lójoojúmọ́. Ẹ fi wé iye tiwa, kẹ́ ẹ sì yọ èyí tí òjò bá gbà kúrò.

Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ìlera ní ilé-ìwé wà láti ọdún 2006. Ó ní ẹsẹ̀ márùn-ún: àyíká tó mọ́, oúnjẹ, ẹ̀kọ́ ìlera, ìtọ́jú ìlera, àti àjọṣe ilé-ìwé pẹ̀lú ilé àti àdúgbò. Lábẹ́ ìtọ́jú ìlera, wọ́n sọ̀rọ̀ àyẹ̀wò ara kí ọmọ tó wọlé, àkọsílẹ̀ ìlera ọmọ kọ̀ọ̀kan, àti ìrànwọ́ pàjáwìrì. Ẹ̀dà kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, eruku bò ó. Ohun tí ilé-ìwé wa ní ni àpótí kan tí wọ́n kọ àgbélébùú pupa sí lára. Òwú àti ìgò áyódíìnì kan ló wà nínú rẹ̀, ọwọ́ igbákejì ọ̀gá ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà.

Ọmọ yìí, ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní ọmọ wa, jẹ́ ẹni tí orí rẹ̀ pé. Nínú iṣẹ́ kíkọ kò sẹ́ni tó ń bá a dé ibẹ̀. Ó lè sọ fún ẹ pé mítà 30 ni ibi tí wọ́n ti ń gba ọ̀pá nínú rìléè, pé ìwé tá à ń lò ṣì ń sọ 20 nítorí kò tíì gbọ́ pé wọ́n ti yí òfin náà padà. Kò sì tíì di ọ̀pá náà mú rí láyé rẹ̀. Nínú máàkì 10 tó wà fún iṣẹ́ orí pápá, 4 ni mo máa ń fún un ní táàmù kọ̀ọ̀kan. Máàkì àánú ni mo pè é lọ́kàn mi.

Iṣẹ́ tó ń ṣe lábẹ́ igi náà ni pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á kó aago ọwọ́, yẹtí àti owó oúnjẹ wọn lé e lọ́wọ́ kí wọ́n tó lọ sáré. Wọ́n ń pè é ní Ìyá Báńkì. Òun náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Èmi rò pé ó gbádùn rẹ̀.

Ọyẹ́ àti ọ̀pá rìléè

Táàmù kejì ni íntà-háùsì máa ń bọ́ sí ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa, ìgbà tí ọyẹ́ ń mú láàárọ̀ tí oòrùn sì ń ta bí ata lọ́sàn-án. Bí a ṣe bá a nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń bá a lọ.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ yan àwọn tí yóò sáré fún ilé kọ̀ọ̀kan, ọmọbìnrin kan ní Yellow House kò wá sílé-ìwé. Ẹni mẹ́rin ni rìléè ń fẹ́, ó ku mẹ́ta. Ọmọ wa dìde lábẹ́ igi, ó kó aago àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lé ẹlòmíì lọ́wọ́, ó ní òun á sáré. Olùkọ́ tó ń darí ilé wọn kò mọ nǹkan kan nípa lẹ́tà, inú rẹ́jísítà tèmi ló há sí. Èmi alára wà ní òdìkejì pápá, mò ń fi eérú fa ìlà.

Òun ló sáré ìkẹta. Àwọn tó wò ó ní ó sáré dáadáa, pé ó tiẹ̀ lé ẹnì kan bá. Ó gbé ọ̀pá fún ẹni kẹrin, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí a rí i tó ká jọ sílẹ̀, ó di itan méjèèjì mú, ó ń ké pé egungun òun, egungun òun.

Ẹ gbọ́ ohun tí àwa olùkọ́ ṣe. A bu omi tútù dà á lórí. Ẹnì kan ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹnì kan ń fi Robb ra á lẹ́sẹ̀. Ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá ọgbà ní kí a yé fọwọ́ kàn án, pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ọ̀run ló wá ń pè é. Báyìí ni nǹkan bí ìdajì wákàtí ṣe lọ kí a tó gbé e gun ọ̀kadà, tí olùkọ́ obìnrin kan jókòó sẹ́yìn rẹ̀ tó dì í mú, tí wọ́n forí lé ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Èmi gun òmíràn tẹ̀ lé wọn.

Nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mátíróòn, fa ìpéǹpéjú ọmọ náà wálẹ̀. Ẹyinjú rẹ̀ ti di àwọ̀ ìyeyè. Mátíróòn gbójú sókè, ó bi wá léèrè ohun kan ṣoṣo: "Kí ni jínótáìpù ẹ̀?"

Èmi àti olùkọ́ kejì wo ara wa. A mọ àwọ̀ ilé rẹ̀ nínú íntà-háùsì. A mọ nọ́ńbà rẹ̀ nínú rẹ́jísítà, a mọ ipò tó ṣe ní táàmù tó kọjá. Ìyẹn nìkan la ò mọ̀.

Ọsibítù ńlá ni wọ́n darí rẹ̀ sí. SS ni, àìsàn tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò níbẹ̀ pẹ̀lú omi tí wọ́n ń fà sí i lára àti oògùn ìrora.

Nígbà tí ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, mo padà lọ tọ ipasẹ̀ ọjọ́ yẹn láti òwúrọ̀. Ìwọ̀nyí ni mo bá lọ́nà. Ní píríọ̀dù kìíní, ọmọ náà ní òun fẹ́ tọ̀, wọ́n jẹ́ kó lọ. Kò pẹ́ ó tún bẹ̀bẹ̀, wọ́n jẹ́ kó lọ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, olùkọ́ ní eré ló ń ṣe, ó ní kó lọ kúnlẹ̀ níta. Ọyẹ́ ń fẹ́, kò wọ súwẹ́tà, torí súwẹ́tà kì í ṣe ara yunifọ́ọ̀mù wa. Láti ìgbà yẹn ni kò ti fi omi kan ẹnu mọ́, kí ìtọ̀ má baà tún gbọ̀n ọ́n. Kò ná ẹsẹ̀, kò mi ara, ibi ìjókòó ló ti dìde bọ́ sínú eré àsápajúdé.

Mátíróòn ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ẹ̀jẹ̀ pupa ẹni tó bá jẹ́ SS máa ń tẹ̀ bí dòjé nígbà tí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ bá dín kù, tí omi ara bá gbẹ, tàbí tí òtútù bá mú un. Á wá há sínú iṣan kéékèèké, ibi tó bá sì há sí ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀. Kíndìnrín irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í lè dá omi dúró bíi tàwa yòókù. Ó gbọ́dọ̀ máa tọ̀ lemọ́lemọ́, ó sì gbọ́dọ̀ máa mu omi lemọ́lemọ́. "Ẹ fìyà jẹ ẹ́ torí kíndìnrín ẹ̀," ni Mátíróòn wí, "ẹ wá bu omi tútù lé e lórí pé ẹ̀ ń tọ́jú ẹ̀." Ohun mẹ́rin ló pàdé lára ọmọ kan lọ́jọ́ kan náà: òtútù, òùngbẹ, ara tí kò móoru, àti eré àsápajúdé. Ọ̀kan péré nínú mẹ́rin ni eré. Ṣùgbọ́n eré nìkan ni gbogbo ìlú ń dárúkọ.

Òfin, fóọ̀mù, àti irọ́ tó bá a wá

Ẹ̀rù ba ọ̀gá wa, mi ò sì dá a lẹ́bi. Ó pàṣẹ ní ìpéjọpọ̀ àárọ̀ pé ọmọ tí ara rẹ̀ kò bá le kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ pápá mọ́, pé kí gbogbo òbí kọ jínótáìpù ọmọ wọn sínú fóọ̀mù kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Kí ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn ọmọ ti ń nàka sí gbogbo ẹlẹgbẹ́ wọn tó bá tín-ín-rín. Ọmọkùnrin kan tí kò ní àìsàn kankan, tí ó kàn ga fíofío, sunkún lọ sílé.

Nínú kíláàsì ọmọ wa, fóọ̀mù 41 ló padà dé ọwọ́ mi. Mo jókòó ní sítáàfù-róòmù, mo ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. AA. AA. AA. Gbogbo 41 ni AA, ìyẹn àwọn tí kò ní àbùdá àìsàn náà rárá. Bẹ́ẹ̀ rèé, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin àwa ọmọ Nàìjíríà ló jẹ́ AS, ìyẹn àwọn tó gba àbùdá náà lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo. Ó yẹ kí n rí bíi mẹ́wàá nínú wọn. Mo ń rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí mo dé orí fóọ̀mù kan tí ìkọ̀wé rẹ̀ jọ ti ìdajì ìwé inú rẹ́jísítà mi. Ìyá ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé náà kọ AA.

Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ìbéèrè wa ló burú. Ohun tá a bi àwọn òbí ni ohun tí wọ́n ti ń fi pa mọ́ fún àna, fún ìyá ọkọ, fún gbogbo ìjọ. A sì fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé tí ọmọ yóò fọwọ́ ara rẹ̀ gbé kọjá láàárín àádọ́rin ọmọ.

Mo lọ bá ìyá náà ní ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà. Ẹ̀lùbọ́ ló ń tà. Mo kí i, mo jókòó sórí àpótí, mi ò sọ ti fóọ̀mù. Òun ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó ń wọn ẹ̀lùbọ́ lọ́wọ́, kò wò mí lójú. "Tíṣà, ẹ má bínú. Mo ti bí ọ̀kan ṣáájú ẹ̀. Àbíkú ni wọ́n pè é, wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ lára. Ọmọ ọdún mẹ́rin ló lọ. Ìgbà tí mo bí eléyìí tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tó pa ti àkọ́kọ́. Tí mo bá wá kọ SS sílẹ̀ fún yín, ọmọ lọ́la, ta ni yóò fẹ́ ẹ?" Mo ní, "Màmá, ṣé òun fúnra ẹ̀ mọ̀?" Ó mi orí. Ohun tí wọ́n sọ fún ọmọ náà ni pé ara rẹ̀ rọ̀. Ó ti pé ọdún 12.

Mi ò bá a jiyàn. Mo kàn bẹ̀ ẹ́ pé kí òun àti ọmọ náà bá mi dé ọ̀dọ̀ Mátíróòn lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Ibẹ̀ ni ọmọ wa ti gbọ́ orúkọ àìsàn rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo rò pé yóò sunkún. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi Mátíróòn pé: "Ṣé ìdí tí mo fi ń tọ̀ jù nìyẹn?"

Fóọ̀mù kejì tí èmi àti Mátíróòn jọ kọ kò bèèrè jínótáìpù ẹnikẹ́ni. Ohun tó bèèrè ni: kí ni ká kíyè sí tí ọmọ yín bá ń ṣeré? Ṣé ó ní oògùn tó gbọ́dọ̀ wà nítòsí rẹ̀? Ta ni ká pè, ilé ìwòsàn wo sì ni ó ní káàdì sí? Òbí lè fi sínú àpòòwé kó sì lẹ̀ ẹ́ pa, ó sì lè mú un wá fúnra rẹ̀. Èmi àti olùkọ́ kíláàsì nìkan là ń ṣí i. Kíláàsì tó jẹ́ AA láti òkè délẹ̀ yẹn náà ni mo ti rí ọmọ méjì tó ní ikọ́ ẹ̀fúùfù (ásímà), ọ̀kan tí gìrì máa ń gbé, àti ọ̀kan tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún lójú. Mo ti ń ní kí ẹni ìkẹyìn yìí máa fi orí gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún kan gbáko.

"Aago náà ni, sà"

Ọsibítù fún wa ní ìwé: ọmọ náà lè ṣe eré tó mọ níwọ̀n, kó máa mu omi, kó máa sinmi, kí wọ́n má fipá mú un, kó má sì wà nínú òtútù tàbí oòrùn líle. Ìwé yẹn wúlò ju lẹ́tà àkọ́kọ́ lọ lọ́nà tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ sọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe, ó parí síbẹ̀. Ó jẹ́ kí n bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́. Èyí kó iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́.

Mo kọ́kọ́ ṣe é bí ọ̀pọ̀ nínú wa yóò ti ṣe é. Mo pè é, mo fún un ní aago ìdíwọ̀n eré tuntun tí mo fi owó ara mi rà, mo ní òun ni yóò máa ka àkókò fún gbogbo kíláàsì, pé mo máa fún un ní máàkì 8 lórí ìyẹn. Inú mi dùn sí ọgbọ́n mi. Ọmọ náà wo ohun tí mo nà sí i, kò gbà á. Ó ní, "Aago náà ni, sà."

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi. Aago àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ti ń mú dání láti JSS1. Ohun tí mo ṣe ni pé mo pààrọ̀ aago fún un.

Mo bi í ohun tó fẹ́ ṣe. Ó ní òun fẹ́ ju nǹkan. Kì í ṣe èsì tí mo retí, ṣùgbọ́n bí mo ṣe rò ó, ó bọ́gbọ́n mu ju gbogbo ohun tí mo ti rò lọ: ẹni tó bá ń ju irin (shot put) kì í lò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, á sì jókòó dìgbà tó bá tún kàn án. A kó iyanrìn sínú bọ́ọ̀lù àtijọ́ kan, a rán ẹnu rẹ̀, ìyẹn ni irin wa. Ní ti ìrìn, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yíyí pápá ká lẹ́ẹ̀kan, á sinmi, á mu omi, á tún lọ. Ọ̀nà tí mo fi ń mọ̀ pé kò tíì pọ̀ jù ni kí n bá a sọ̀rọ̀: tó bá lè dá mi lóhùn ní gbólóhùn kan tó délẹ̀ láì mí hẹlẹ, a lè máa lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìrìn náà di ìrìn kánkán, ìrìn kánkán di sáré-díẹ̀-rìn-díẹ̀. Eré àsápajúdé kò sí níbẹ̀.

Gbogbo ohun tá a yí padà nítorí rẹ̀, gbogbo kíláàsì la yí i fún. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú àánú. Tó bá jẹ́ òun nìkan ló ní ike omi, a ti kọ SS sí i níwájú orí nìyẹn. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ra ike oníbomi ńlá kan tó ní ẹ̀rọ ní ìdí, kálukú mú kọ́ọ̀pù tirẹ̀ wá, mo sì ń fọn fèrè omi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ẹni tó bá fẹ́ dúró á gbé ọwọ́ sókè, á jókòó, kò ní tọrọ àyè. Àwọn ọmọkùnrin ẹ̀yìn kíláàsì lo àǹfààní yẹn ní ìlòkulò fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ń jókòó bí ọba. Lẹ́yìn náà ó sú wọn, nítorí ẹni tó jókòó kì í gba bọ́ọ̀lù sáwọ̀n.

Mo bẹ olùkọ́ Ìṣirò títí tó fi gbà kí a pààrọ̀ píríọ̀dù, kí tiwa kúrò ní ọ̀sán. Ó gba àgbò lọ́wọ́ mi o. Mo ṣì ń bá a mójú tó kíláàsì ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Súwẹ́tà di ohun tí ọmọ lè wọ̀ lásìkò ọyẹ́.

Máàkì ló mú ariwo wá jù. Mo dá a sílẹ̀ pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ohun tó lè ṣe ní ọ̀sẹ̀ kejì sílẹ̀, kó tún kọ ti ọ̀sẹ̀ kẹwàá, kí n fi òun wé ara rẹ̀. Nínú máàkì 10, mẹ́ta ni ìyẹn. Mẹ́rin jẹ́ ti mímúra wá àti ìmárale ìbẹ̀rẹ̀, mẹ́ta jẹ́ ti kí ọmọ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe eré náà láìfara pa. Àwọn tó ń gba 10 tẹ́lẹ̀ torí pé Ọlọ́run fún wọn lẹ́sẹ̀ gígùn fàbínú yọ. Ọmọkùnrin kan tó sanra, tó máa ń gbẹ̀yìn láti JSS1, gba 8, ó mú ìwé rẹ̀ lọ fi han bàbá rẹ̀.

Ibi tí mi ò ti borí pátápátá ni ìjìyà. Nígbà tí mò ń yẹ ìwé apẹ́lẹ́yìn wò, mo rí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ wa ti fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí ìta ilé-ìwé ká ní JSS1 torí pé ó pẹ́ dé. Ọmọ tí mi ò jẹ́ kó sáré fún máàkì ni a jẹ́ kó fò fún ẹ̀ṣẹ̀. Kò sí ẹni tó béèrè lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo gbé e lọ síwájú ìpàdé olùkọ́. Igbákejì ọ̀gá ní a fẹ́ sọ àwọn ọmọ di àkẹ́bàjẹ́. Ibi tá a parí rẹ̀ sí ni pé kò sí fífò bí ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ ní apá JSS, a sì fi gbígbálẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Kíkúnlẹ̀ ṣì wà. Ní ti ìtọ̀, olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ kọ̀ fún ọmọ mọ́, yálà ìgbà mélòó.

Ìkejì

Lẹ́yìn ìsinmi Ọdún Àjíǹde, ọjọ́ kejì tí a wọlé, ọmọ wa kò wá. Ó tún ti wà lọ́sibítù. Kí n tó dé ilé-ìwé ni ìròyìn ti dé ibẹ̀, wọ́n ní eré tí gẹ́ẹ̀mù mástà ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe ló tún gbé e dè. Ọ̀gá wa pè mí sí ọ́fíìsì. Ìyá rẹ̀ ti ń sọ pé òun á mú un kúrò.

Ohun tó gbà mí ni ìwé kan tí kò ju náírà díẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ tó ti padà sórí pápá ni mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, ohun tó ṣe, ìgbà tó sinmi, bí ojú ọjọ́ ṣe rí, bó ṣe sọ pé ara òun rí kó tó lọ sílé. Nígbà tí mo ṣí i síwájú ọ̀gá, ó hàn pé ó ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ọmọ náà ti ṣeré kẹ́yìn lọ́dọ̀ wa. Mátíróòn bá wa wádìí ní ọsibítù. Ibà ẹ̀fọn ni. Oògùn Paludrine tó ń lò lójoojúmọ́ láti lé ibà jìnnà ti tán látìgbà tí ìsinmi ti bẹ̀rẹ̀, ọjà kò tà, ìyá rẹ̀ kò rí owó rà á. Ó tijú láti sọ.

Mo ń ronú ọjọ́ náà lọ́pọ̀ ìgbà. Ká ní kò sí ìwé yẹn ni, abẹ́ igi ni ọmọ náà ìbá padà sí, gbogbo wa ìbá sì gbà pé a ti rí ìdí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti fi ìbéèrè kan kún fóọ̀mù wa: ta ni ká sọ fún tí oògùn ọmọ bá fẹ́ tán? Mátíróòn ló ń bá wa rí sí i, kì í sì í rọrùn.

Ó kọ́ àwa olùkọ́ ní ohun tí a ó ṣe tí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀. Kí ọmọ dáwọ́ dúró, kí ara rẹ̀ móoru, kó mu omi, kí a pe ilé. Tí ara rẹ̀ bá gbóná, tí àyà bá ń dùn ún tàbí tí kò lè mí dáadáa, tí ẹ̀gbẹ́ kan ara rẹ̀ bá kú, tàbí tí ó bá funfun lójijì, kò sí dídúró de ìyá, ọsibítù ni tààrà. A lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara àpótí alágbélébùú pupa náà. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ mi báyìí.

Ní íntà-háùsì ọdún tó tẹ̀ lé e, ọmọ wa ju irin fún Yellow House. Ìkẹrin ló ṣe nínú mẹ́fà. Ìyá rẹ̀ wá, ó dúró lẹ́yìn okùn, ó di ike omi mú, kò sì dúró jìnnà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ JSS3, àpòòwé rẹ̀ dé ọwọ́ mi láìlẹ̀. Ìkọ̀wé tí mo mọ̀ náà ni. Níbi tí a ti béèrè ohun tó yẹ ká kíyè sí, ó kọ ọ́ pé: "SS ni. Ó lè ṣeré. Ẹ jẹ́ kó mu omi."

Oṣù tó ń bọ̀ ló máa wọ SS1, kíláàsì àkọ́kọ́ ní apá àgbà, ní apá kejì ọgbà wa. Níbẹ̀, ẹni tó bá yan PHE nìkan ló ń ṣe é, òun kò sì yàn án. Kẹ́mísírì àti báyọ́lọ́jì ló fẹ́. Ṣùgbọ́n íntà-háùsì wà níbẹ̀, gígé koríko wà níbẹ̀, fífò bí ọ̀pọ̀lọ́ sì wà níbẹ̀. Fáìlì kì í rìn láti apá JSS dé apá àgbà fúnra rẹ̀. Mo ti bi òun àti ìyá rẹ̀ bóyá kí n gbé e kọjá, wọ́n ti gbà. Lọ́jọ́ Ajé, mo máa mú àpòòwé náà àti ìwé pápá rẹ̀ lọ bá gẹ́ẹ̀mù mástà wọn, mo sì máa mú un dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń di pàṣán mú níbẹ̀.